Ojú la fi ń díwọ̀n àwo orin àtijọ́ ni, àbí etí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí àwo, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Mo jogún àwo orin tó pọ̀, mo wá ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń kó àwo àtijọ́ jọ. Mo kọ NM (Near Mint, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tuntun) sí ọ̀kan nínú wọn torí pé mo yẹ̀ ẹ́ wò tinútẹ̀yìn, mi ò rí àpá kankan, ńṣe ló ń dán yinrin. Ẹni tó rà á ní òun ń dá a padà, pé VG (Very Good, ipele tó rẹlẹ̀ sí i) lásán ni, pé ó ń pariwo níbi tí orin bá ti rọlẹ̀. Mo ní ojú la fi ń mọ ipò àwo, ó ní etí ni. Owó tó wà láàárín NM àti VG kì í ṣe kékeré o. Ta ló jàre?

* * *

Ẹni tó rà á ló jàre, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí n pè yín ní onírọ́. Ìwọ̀n tí ẹ̀yin méjèèjì ń tọ́ka sí gan-an ló dá ìjà yìí sílẹ̀.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ni ti Goldmine, ìwé ìròyìn àwọn akó-àwo-jọ ní Amẹ́ríkà, òun náà sì ni Discogs, ojúlé ayélujára tí wọ́n ti ń ta àwo, gbà wọlé. Ipele mẹ́jọ ló ní: M (Mint, èyí tí kò lábùkù) lókè pátápátá, NM tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà VG+, VG, G+, G (Good), F (Fair), kí P (Poor) tó wá wà nísàlẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ṣàlàyé wọn. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ NM, ohun tí ojú rí ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń sọ: àwo tó dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u nínú ọ̀rá, tí àmì ìlò kò hàn lára rẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé VG, ẹ ó rí i pé etí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú: ariwo tí à ń gbọ́ níbi tí orin ti rọlẹ̀, nígbà tí orin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń lọ sílẹ̀. Ní ti G, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè ni bóyá abẹ́rẹ́ á rìn já láìfò. Òkè jẹ́ ti ojú, ìsàlẹ̀ jẹ́ ti etí. Ẹ̀yin dúró lókè, oníbàárà yín dúró nísàlẹ̀, ẹ wá ń ké sí ara yín.

Ti owó náà, òótọ́ lẹ sọ. VG+ sábà máa ń mú ìdajì owó NM wọlé. VG kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́rin. G+ àti G, nǹkan bíi 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí ẹni tó rà á bá san owó NM, tó wá gbọ́ VG, ó ti san ìlọ́po mẹ́rin. Èmi náà á dá a padà.

Ìlànà tí mò ń tẹ̀ lé nìyí: ojú lágbára láti rẹ àwo sílẹ̀, kò lágbára láti gbé e ga lóun nìkan. Bí mo bá rí àpá, mo já a sílẹ̀ láìtíì gbọ́ ọ. Bí mi ò bá rí nǹkan kan, ìyẹn kò tíì sọ mí di ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

* * *

Ọ̀pọ̀ ló ti fèsì pé àwo tó bá ń dán, tí kò sì ní àpá, kò lè pariwo. Pé ẹ̀rọ oníbàárà ló bàjẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, màá padà sórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n dídán kì í ṣe ẹ̀rí rárá.

Ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ ní ògiri méjì tó dagun síra wọn, ara àwọn ògiri yẹn ni orin wà. Bí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ tó ti jẹ, tàbí apá ẹ̀rọ tó wúwo jù, lu àwo náà fún ọjọ́ pípẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa họ ògiri náà. Ohùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ ń lọ: ti fèrè, ti páànù ìlù, ti lẹ́tà s lẹ́nu akọrin, torí pé iṣẹ́ tó wínníwínní jù lọ lára ògiri ni tiwọn. Abẹ́rẹ́ kì í sì í fara kan ilẹ̀ pẹlẹbẹ tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ pẹlẹbẹ yẹn ló pọ̀ nínú ohun tó ń dán sí yín lójú. Àwo tí wọ́n ti lù títí tó fi gbó lè dán ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò lù rí, tó kàn dọ̀tí.

Òótọ́ ni pé bí ìjẹ náà bá pọ̀ gan-an, ojú àwo á di eléérú, dúdú rẹ̀ á ṣí. Tó bá ti dé ìyẹn, ọmọdé á mọ̀. Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni èyí tí kò tíì dé ibẹ̀.

Ibi tó ti ń jẹ jù ni inú lọ́hùn-ún, nítòsí bébà àárín. Àwo 33⅓ (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn) ń yí ní ìwọ̀n kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n yíyípo ìta gùn, ti inú kúrú. Ní eteetí àwo ńlá, nǹkan bíi 50 sẹ̀ǹtímítà ìlà ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó bá fi dé orin tó kẹ́yìn, ó ti wálẹ̀ sí bíi 21. Orin tó yẹ kó ní àyè ni wọ́n há mọ́ ibi tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ tí kò dára á sì máa la ibẹ̀ kọjá tipátipá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rẹ́rìn-ín tí ẹnì kan bá ní òun "ti gbọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀," tó sì jẹ́ pé orin àkọ́kọ́ ló gbọ́. Bí ẹ ò bá ráyè gbọ́ ju ìwọ̀nba lọ, ẹ gbé abẹ́rẹ́ sí orin tó kẹ́yìn lójú kọ̀ọ̀kan, níbi tí akọrin ti gbé ohùn sókè. Bí s bá ń tu itọ́, bí ohùn bá ń ya létí, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú náà, sí àwọn ìṣẹ́jú àáyá tó ṣáájú orin, kí ẹ gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. Ibi méjì yẹn ń sọ̀rọ̀ ju gbogbo àárín lọ.

* * *

Ẹnì kan fi ìbínú kọ ọ́ pé àwo kún inú yàrá òun dé òrùlé, pé ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀? Ojú méjì àwo ńlá á máa lọ sí ogójì ìṣẹ́jú. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwo tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀sán rẹ̀ ṣòfò lé e lórí.

Ẹ fi ojú wò ó, kò sí aburú níbẹ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú lẹ fi wò ó, ẹ má sì kọjá VG+ bó ti wù kó mọ́ tó. Èyí tó bá jẹ́ pé owó gidi lẹ fẹ́ gbà lórí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba owó NM lórí àwo ṣíṣọ̀wọ́n, tẹ́ ẹ wá ní ẹ ò ráyè gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà lẹ fẹ́ fi ṣe òṣìṣẹ́ yín.

Wíwò náà ní bó ṣe ń rí. Mo mọ ẹnì kan tó máa ń gbé àwo síwájú fèrèsé lọ́sàn-án gangan, tó bá ti rí i pé ó dúdú, ó parí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá tú ká á bo àpá mọ́lẹ̀ ni. Iná ọ̀pá gígùn tó wà lókè àjà náà, bákan náà. Ohun tó dára ni gílóòbù kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ gan-an, nínú yàrá tí kò ní ìmọ́lẹ̀ míì. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di eteetí àwo mú, ìka kankan kò gbọdọ̀ kan ojú ìlà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú títí iná yóò fi nà gbọọrọ lórí rẹ̀ láti etí dé àárín, kẹ́ ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tí iná yẹn bá ti já, tàbí tó ti dà bí irun funfun, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí ló ń dún. Àwọn àpá wínníwínní tí àpò inú oníbébà ń fà sí àwo lára nígbà tí wọ́n bá ń tì í bọlé tí wọ́n sì ń fà á jáde, orí ilẹ̀ pẹlẹbẹ ni púpọ̀ nínú wọn wà, abẹ́rẹ́ kò ní í mọ̀ wọ́n. Èyí tó bá gba ìlà kọjá ní ìbú, tí ọmọ ìka yín mọ̀ ọ́n tẹ́ ẹ bá rọra gba orí rẹ̀, ìyẹn á dún pá, á tún dún pá. Bó bá jẹ́ àwo 33⅓, ìṣẹ́jú àáyá 1.8 ló wà láàárín ìró kan sí èkejì. Bó bá jẹ́ 45, 1.33. Ẹ lè fi èyí mọ̀ ọ́n láìwo àwo rárá: ariwo tó bá ń padà wá ní ìwọ̀n yẹn, àpá ni, èyí tó bá ń ta láìní ètò bí epo inú agbada, ẹ wá ìdí rẹ̀ sí ibòmíràn. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni àpá kúkúrú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìlà rìn lọ́gbọọgba. Kò jọ nǹkan kan lójú. Ṣùgbọ́n òun ló ń ti abẹ́rẹ́ bọ́ sí ìlà míì, tí akọrin á wá máa tún gbólóhùn kan ṣoṣo wí títí ilẹ̀ á fi mọ́.

* * *

Lórí M: ẹ pa á tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi àwo ṣòwò kì í kọ ọ́ sí àwo kankan. Ẹlòmíràn béèrè pé ti èyí tí wọn ò tíì ya ọ̀rá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ pé wọn ò tíì ya ọ̀rá rẹ̀, kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ra irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó kọ M gàdàgbà sí i. Ọ̀rá yẹn ti fún àpò mọ́ra láti ọjọ́ aláyé débi pé àwo inú rẹ̀ ti wọ́, abẹ́rẹ́ ń gòkè ó ń sọ̀, orin ń lọ ó ń bọ̀. Owó M ni mo san. Ọ̀rá náà kò sì ṣòro láti tún dì mọ́ àpò tí wọ́n ti tú rí. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

* * *

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ ló gba àkókò jù nínú àríyànjiyàn yìí. Apá kan ní kí ẹ fọ àwo kẹ́ ẹ tó fún un ní ipò. Apá kejì ní ẹ má fọ̀ ọ́, pé ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ń para rẹ̀ láró ni, kí oníbàárà rí i bó ṣe wà.

Ọ̀dọ̀ àwọn àkọ́kọ́ ni mo wà. Eruku àti òróró ọwọ́ kì í ṣe ara àwo. Wọ́n ń pariwo, wọ́n sì ń bo àpá tó wà lábẹ́ wọn, nítorí náà ẹ lè ṣàṣìṣe lọ́nà méjèèjì bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́. Omi tí wọ́n sè di ooru tí wọ́n tún gbà padà, ọṣẹ díẹ̀ tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn, aṣọ tó rọ̀, kẹ́ ẹ máa bá ìlà lọ, kì í ṣe kẹ́ ẹ gbà á ní ìbú. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò lójú ìlà á gbádùn rẹ̀ jù. Àwo 78 àtijọ́ tí wọ́n fi oje líle tí wọ́n ń pè ní shellac ṣe nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ọtí ìfọ̀ǹkan á yọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kó kàn án.

Ohun kan wà tí fífọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí. Àpò inú tí wọ́n fi ike PVC rírọ̀ ṣe máa ń tú èròjà jáde sí àwo lára bí ọdún bá ti pọ̀. Ìkùukùu funfun tó rí ràgàràgà ni yóò hù sójú àwo, ẹ lè rí ibi tí etí àpò náà mọ síbẹ̀ gan-an. Bí ẹ fọ̀ ọ́ títí, ó wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ á sì máa hó ṣáá lórí rẹ̀. Èyí tí mo bá bá irú ìkùukùu yìí lára rẹ̀, VG ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, màá wá máa lọ sísàlẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Kí ni VG++? Kí ni "VG+ tó lágbára"? Kí ni "EX sí NM"? Ipele mẹ́jọ tó wà nílẹ̀ ò tó wọn, wọ́n ń fi àmì kọ̀ọ̀kan kún un kí wọ́n lè gba owó NM lórí ohun tí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe NM. Bí ẹ bá ti ń ṣe méjì-méjì láàárín ipele méjì, ẹ mú èyí tó wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi gbólóhùn ṣàlàyé ìyókù.

Ohun tó tún ń da nǹkan rú ni pé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀n tiwọn, ti ìwé ìròyìn Record Collector. Níbẹ̀, EX (Excellent) ló tẹ̀ lé M, VG wá tẹ̀ lé EX. VG tiwọn sàn díẹ̀ ju VG ti Goldmine lọ, torí pé wọn ò fi VG+ kankan sí òkè rẹ̀. Ẹni tó ń tà láti ibẹ̀ kọ VG tọkàntọkàn, ẹni tó ń rà ní Amẹ́ríkà rò pé àwo tó ń pariwo ni, ó sì kọjá lọ. Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ẹ dárúkọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ lò, ó parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ sì rántí pé G nínú àwo kì í ṣe nǹkan tó dára. Àwo tó ti rí ogun ni.

* * *

Àpò ní ipò tirẹ̀, àwo ní tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dà wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ ń kọ "VG/VG+" sílẹ̀ láìsọ èwo ni èwo. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí àwo ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ jáde kúkú: àwo báyìí, àpò báyìí.

Lára àpò, ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wo ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀ bóyá ó ti ya, ẹ wo ojú àwòrán bóyá àwo inú ti fá òbìrìkìtì sí i. Bí ilé iṣẹ́ bá ti gé igun rẹ̀ tàbí lu ihò sí i láti fi hàn pé wọ́n tà á lọ́pọ̀, ẹ sọ ọ́, torí pé NM kò gba igun gígé. Bébà ọ̀rọ̀ orin àti àwòrán tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá sí, oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó sanwó.

Orúkọ tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi bírò kọ sẹ́yìn àpò ń já ipò wálẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, ká sòótọ́, pàápàá tó bá kọ ọjọ́ tó rà á. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ mi kò lè sọ VG di NM.

Àyíká ihò àárín náà ń sọ̀rọ̀. Bí bébà ibẹ̀ bá kún fún àwọn ìlà kéékèèké níbi tí wọ́n ti ń fi irin àárín ẹ̀rọ wá ihò, ó ti lọ sórí ẹ̀rọ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá rí ìyẹn pẹ̀lú ojú tó ń dán gbinrin, ẹ fura, kẹ́ ẹ sì lọ gbọ́ orin tó kẹ́yìn.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa àwo 45 kéékèèké: Columbia ló gbé àwo ńlá 33⅓ jáde ní 1948, RCA Victor wá gbé 45 jáde ní 1949, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ike oríṣiríṣi ṣe 45. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fi polystyrene ṣe tiwọn. Ó le gan, kò tẹ̀, abẹ́rẹ́ sì tètè ń jẹ ẹ́ ju vinyl, ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àwo, lọ. 45 oní-polystyrene lè dán bíi dígí, kó máa hó fàà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ má fi ojú nìkan fún irú ẹ̀ ní ju VG lọ. Ti 78, ayé ọ̀tọ̀ ni, abẹ́rẹ́ irin ló jẹ púpọ̀ nínú wọn, ariwo díẹ̀ sì wà lára wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa dá yín lóhùn.

* * *

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè: àwo tí wọ́n bí pẹ̀lú ariwo.

Nígbà tí wọ́n bá ń tẹ àwo, ike gbígbóná gbọ́dọ̀ kún inú gbogbo ìlà. Bí kò bá kún tán, ìlà á ní ihò kéékèèké lára ògiri, abẹ́rẹ́ á sì máa ya fàà-fàà tó bá débẹ̀. Nígbà ọ̀wọ́n epo rọ̀bì 1973 pẹ̀lú, ike ṣọ̀wọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ń yọ́ àwo àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Àwo tó wá láti inú irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ lè má tíì kan abẹ́rẹ́ rí, kó sì máa ta.

Ṣé NM ni irú àwo bẹ́ẹ̀? Ibí yìí ni àwọn àgbà ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ipò àwo ń sọ ohun tí ènìyàn ti ṣe sí i láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé iṣẹ́, pé àbùkù ilé iṣẹ́ kò kan ẹni tó ń tà. Wọ́n ní àwíjàre. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ nílé rẹ̀ kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Mo máa ń kọ ipò tí etí fún un, màá wá fi gbólóhùn kan kún un pé ojú rẹ̀ mọ́ bíi NM, ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni ariwo ti wá. Àwọn akó-àwo-jọ kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn gan-an: ojú tó mọ́, àpò tó gún, wọn kì í lù ú láéláé. Wọ́n á rà á.

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹjọ́ tiyín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi wá.

Ẹ kọ́kọ́ bi oníbàárà yín bí ariwo náà ṣe ń dún, kẹ́ ẹ tó bínú. Ṣé ó ń padà wá ní gbogbo yíyípo, àbí ó ń ta káàkiri? Ṣé ojú kan ni, àbí méjèèjì? Ṣé ó fọ̀ ọ́? Abẹ́rẹ́ wo ló lò, ìgbà wo ló pààrọ̀ rẹ̀? Púpọ̀ nínú abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ ń fẹ́ ẹrù gíráàmù 1.5 sí 2. Ẹni tó bá fi í sí ìwọ̀n tó fúyẹ́ jù, abẹ́rẹ́ á máa ta gìrì nínú ìlà, á sì máa pariwo ohun tí kò sí nínú àwo. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi ìyẹn bá a jà. Ẹ kàn bi í, ìdáhùn rẹ̀ á là yín lóye nígbà tẹ́ ẹ bá tún ń tà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba àwo padà, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un. Ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ ojú méjèèjì tán, torí pé owó tó wà lórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó gbọ́, ẹ kọ nǹkan bí èyí:

"Àwo: VG. Àpò: VG+. Ìwọ̀n Goldmine ni. Mo fọ̀ ọ́, mo lu ojú méjèèjì tán. Lábẹ́ iná, mi ò rí àpá kankan. Ó ń ta ní ìbẹ̀rẹ̀ ojú kìíní àti níbi tí orin bá ti rọlẹ̀, kò bo orin mọ́lẹ̀. Orin tó kẹ́yìn lójú méjèèjì ṣì dún ketekete. Kò fò, kò há. Ìsàlẹ̀ àpò ti ya díẹ̀, kò tó ìka kan. Bébà ọ̀rọ̀ orin wà nínú rẹ̀."

Ẹnì kan ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé irú ìkọ̀wé yìí á lé oníbàárà sá. Díẹ̀ á sá lóòótọ́, àwọn náà ni ìbá sì dá a padà. Ẹ bù lé owó rẹ̀ díẹ̀ ju ti VG lásán lọ, torí ojú rẹ̀ tó mọ́ àti orin tó kẹ́yìn tó ṣì ń dún ketekete. Ẹni tó bá mọ àwo á san án.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ yọ àwo kúrò nínú àpò ńlá, ẹ fi í sínú àpò inú tuntun, kẹ́ ẹ wá tò ó sẹ́yìn àpò ńlá náà láàárín páálí líle méjì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú rẹ̀, eteetí àwo á gbá ojú lílẹ̀ náà lójú ọ̀nà, àpò tẹ́ ẹ pè ní VG+ á sì débẹ̀ ní yíya.